Ulé Kọ́, Ilé Ni

Màmá mi kì í pe ibi tí à ń gbé ní Gwarinpa ní ilé. "Ibí yìí" ló máa ń pè é. Òjò ibí yìí ti pọ̀ jù. Ata ibí yìí ò ta. Ilé kan ṣoṣo ló gbà pé òun ní láyé, èyí tí bàbá mi kọ́ sí ìlú wa ní Èkìtì. Ulé ló sì ń pè é, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ẹnu tiwa ṣe ń sọ ọ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ yòókù ni mo lè fi Yorùbá gbogboogbò kọ síbí kó sì yé yín. Ulé nìkan ni n kò lè tún ṣe, nítorí òun ló kó mi síyọnu.

Ojú ló bá wá sí Abuja. Mo ní kó wá ṣe iṣẹ́ abẹ ojú, kó lo oṣù díẹ̀, kó máa lọ. Ojú ti là, àmọ́ ọ̀nà ò dáa. Gbogbo ìgbà tí a bá ti fẹ́ mú ọjọ́ ni a máa ń gbọ́ pé wọ́n tún ti jí èèyàn gbé, màá sì ní kó ṣe sùúrù. Báàgì rẹ̀ tó ti dì kalẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn ti kún fún eruku. Bí mo bá ní kí n kó aṣọ inú rẹ̀ sínú wọ́dúróòbù, á ní ẹni tó ń lọ lónìí lọ́la kì í kó aṣọ kọ́. Àjò kì í dùn kónílé má relé: òwe rẹ̀ láàárọ̀ nìyẹn, òun náà ni lálẹ́. Òwe yẹn máa ń bí mi nínú. Ó ń pa á bí ẹni pé èmi gan-an ni ajínigbé.

Ilé Gwarinpa yìí ni gbogbo ohun tí mo ní. Nígbà tí ìjọba ń ta ilé fún àwa òṣìṣẹ́, èmi àti ọkọ mi fi ebi pa ara wa ká tó rà á. Ọkọ mi ti kú, àwọn ọmọ ti lọ sókè òkun, mo ti fẹ̀yìn tì. Ìgbà yẹn gan-an ni owó orí ilé wá ga débi tó fẹ́ gbé owó ìfẹ̀yìntì mi mì. Arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ló sọ fún mi pé ẹ̀dínwó wà fún onílé tó bá ń gbé inú ilé ara rẹ̀, tí kò fi háyà. Mo sáré lọ forúkọ sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn máa rán òṣìṣẹ́ wá wo ẹni tó ń gbé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń lé mi léré. Bí n kò bá rí ẹ̀dínwó yẹn gbà, àfi kí n fi yàrá tí Màmá wà háyà kí n tó lè san owó orí. Bí mo bá sì ti gba ayálégbé sínú ilé, ọ̀rọ̀ ẹ̀dínwó tán nìyẹn, wọn ò ní gbọ́ tèmi mọ́. Adìẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò rọ adìẹ.

Ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ náà wá, èmi wà ní gáréèjì Jabi, mo lọ gba iṣu tí àbúrò mi ọkùnrin fi mọ́tò ránṣẹ́ láti ìlú. Nígbà tí mo fi máa dé, inú Màmá ń dùn. Ó ní àlejò kan wá, ọmọlúàbí ni, ọmọ Ọ̀yọ́, ó dọ̀bálẹ̀ kí òun gbalaja.

"Kí ló wí, Màmá?"

"Ó ní ṣé ilé wa nìyí. Mo ní rárá o, ulé wa jìnnà síbí yìí. Mo ní a kàn ń gbé ibí ni, bó bá yá a óò lọ. Mo ní kó jókòó jẹun, ó ní òun ń lọ ibòmíràn."

Ó yẹ kí àyà mi já nígbà náà. Kò já. Mo gbé iṣu wọlé, mo ń ronú èyí tí màá gún lọ́jọ́ Sátidé.

Inú ọ́fíìsì owó orí, níbi tí mo ti lọ béèrè èsì, ni ojú mi ti là. Obìnrin kan tó jẹ́ Hausa ló wà lórí káńtà. Ó kọ́kọ́ kí mi ní "Sànnu, Madam", lẹ́yìn náà ló ní wọ́n ti kọ̀ ọ́. "Na the mama inside talk am with her own mouth. She say no be una house, una just dey stay there."

Mo ní ìyá mi ni, pé ulé ni màmá ń sọ.

"Wetin be ulé?"

Ta ló fẹ́ ṣàlàyé ìyẹn lórí káńtà? Mo na ìwé ilé sí i. Ó ní òun ò sọ pé èmi kọ́ ni mo nilé, àmọ́ èèyàn pọ̀ tó nilé sí Gwarinpa tí wọ́n ń gbé ní Kubwa kí wọ́n lè máa gba owó háyà. Nígbà tó rí i pé omi ti ń dà lójú mi, ó ní òun máa bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ní ọjọ́kọ́jọ́ ni wọ́n lè yọjú. Bí wọn ò bá bá mi nílé, kí n má padà wá.

Bí èmi náà ṣe di ẹlẹ́wọ̀n nìyẹn. N kò lọ ọjà, n kò lọ ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa. Ní ọjọ́ Ìsinmi, mo ń gbọ́ orin ṣọ́ọ̀ṣì wa láti ẹ̀yìn fẹ́ǹsì, èmi jókòó sí pálọ̀, mo wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń wo géètì. Bí mo bá fẹ́ wẹ̀, màá ní kí Màmá ké sí mi bí ẹnikẹ́ni bá kànkùn. Ó ń wò mí. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ọmọ mi, ojú rẹ ti wá dà bí tèmi." Òótọ́ ló sọ. Ọ̀nà ni kò jẹ́ kí òun kúrò níbẹ̀, ilé ni kò jẹ́ kí èmi kúrò.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ. "Màmá, bí ọkùnrin yẹn bá tún wá, ẹ ṣáà sọ pé ilé yín nìyí."

Mo tún un sọ. Ó ní, "Bí mo bá fẹnu ara mi wí bẹ́ẹ̀, tí mo bá kú, ibí yìí lẹ óò sin mí sí."

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ ikú?"

"Èmi ni. Bàbá rẹ ń dúró dè mí ní ulé. Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ."

Mo bínú, mo pariwo. Mo ní ilé tó ń sá fún yìí ló ń gbà á lọ́wọ́ òjò, pé bí mo bá fi yàrá tó ń sùn háyà fún ayálégbé, a óò jọ rí ibi tó máa sùn. Ó jókòó, ó ń yí òrùka ọwọ́ rẹ̀ po. Inú ìbínú yẹn ni a wà títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọkùnrin náà wá ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí kò síná. Ó kí wa, "Ẹ kú ilé o." Mo gbé gbogbo ìwé kalẹ̀, mo mú un wo ibi tí ẹrù mi wà, mo fi fọ́tò ìgbéyàwó hàn án. Ó tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa, àmọ́ ó ní ọ̀rọ̀ Màmá ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́, ẹnu Màmá náà ni òun máa fi tún un ṣe.

"Màmá, ẹ má bínú. Ṣé ilé yín nìyí?"

Màmá ò wò mí. Ó tún gèlè rẹ̀ so. Ó wá fi ohùn tó fi ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì sọ̀rọ̀, Yorùbá gbogboogbò tí kì í sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa.

"Ilé mi nìyí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Ó kọ ọ́. Ó ní ó ku kí ọ̀gá òun fọwọ́ sí i, pé kí n má jìnnà sílé títí ìwé yóò fi jáde, nítorí ọ̀gá náà lè yọjú lójijì. Bó ṣe jáde ni mo kúnlẹ̀ níwájú Màmá, mo ń dúpẹ́.

"Kí lo ń dúpẹ́ fún?" ó ní. "Ilé ni mo pè é. N kò pè é ní ulé."

A jọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ọ̀rọ̀ yẹn mà dùn mọ́ mi nínú o. Mo rò pé gbogbo rẹ̀ ti yanjú.

Kò pẹ́ sígbà náà ni àbúrò mi tẹ̀ wá láago pé bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì wọn ń bọ̀ wá sí Abuja fún ìpàdé, pé ọ̀nà ti rọ̀ díẹ̀, àyè wà fún èèyàn méjì bí wọ́n bá ń padà. Èèyàn méjì. Màmá yíjú sí mi. Ìwé kò tíì jáde. Mo ronú kan ọ̀gá tó lè yọjú lójijì, mo ní kó máa lọ, pé màá tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Kò bá mi jiyàn. Ó ní kí n bá òun nu eruku ara báàgì.

Ní àárọ̀ tí bọ́ọ̀sì wá gbé e, géètì ni mo sìn ín mọ. Ó gun ọkọ̀, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó sì na ọwọ́ jáde kí n dì í mú. Láti ọjọ́ tó ti bí mi, ọmọ mi ló ń pè mí.

"Onílé," ó ní, "ó dàbọ̀ o."