Oúnjẹ Tí Ìyá Mi Ń Kọ́kọ́ Tọ́ Wò

Nígbà tí mi ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ, nílé wa ní Ìbà, ìyá mi kì í gbé oúnjẹ fún bàbá mi láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ iyọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ. Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló pa á láṣẹ. Ọ̀kan nínú wọn á jókòó, á máa wo ẹnu ìyá mi títí wọ́n á fi gbé e mì.

Bíríkìlà ni bàbá mi, ògiri tí wọ́n bá mọ kì í wọ́. Orí fífọ́ ló kọ́kọ́ dé. Nígbà tó yá, wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì, wọ́n ń sunkún láìnídìí, wọ́n sì ń gbàgbé orúkọ wa. Wọn ò tíì pé àádọ́ta ọdún. Bẹ́ẹ̀ náà ni àbúrò wọn ṣe kú ní Ọ̀tọ̀-Àwórì, ìyàwó rẹ̀ ni ẹbí sì dá lẹ́bi. Ó dùn mí títí dòní pé èmi náà máa ń ṣọ́ ọwọ́ ìyá mi nídìí ìkòkò.

Bàbá mi kú. Ogójì ọjọ́ ò tíì pé tí ẹbí fi lé ìyá mi jáde, pé wọ́n pa ọkọ wọn. Okokomaiko ni wọ́n ti gba yàrá kan, ibẹ̀ náà ni wọ́n wà dòní.

Lọ́dún tó kọjá, ọwọ́ òsì tèmi náà kọ̀. Wọ́n ya àwòrán ọpọlọ mi lọ́sibítù, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, dókítà sì ní, "Mọ́mì, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín inú ọpọlọ yín ló ń bàjẹ́. Àìsàn àjogúnbá ni, kò wọ́pọ̀. Pẹ̀lú ohun tí ẹ sọ nípa bàbá yín, ó jọ pé ọ̀dọ̀ wọn ló ti wá. A ò tíì ní oògùn tó ń wò ó sàn."

Ẹ ò ní gbà gbọ́, inú mi dùn. Ayé ti yí padà, mo ní, ẹ̀rọ ti dá ìyá mi láre. Mo ní kí ọmọ mi gbé mi lọ sí Okokomaiko lọ́jọ́ kejì.

"Màámi, kì í ṣe ẹ̀yin. Inú ẹ̀jẹ̀ bàbá mi ni àìsàn náà wà."

Mo rò pé wọ́n á pàtẹ́wọ́. Wọ́n wo ọwọ́ mi.

"Ṣé òun náà ló ṣe ìwọ báyìí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Àwọn ọmọ ẹ ńkọ́?"

Mo ní ó lè wà lára wọn, ó sì lè má sí.

Ìyá mi di ọwọ́ mi mú. Wọ́n wá ní, "Ì bá sàn kó jẹ́ èmi ni mo pa bàbá ẹ lóòótọ́."