Onígẹrun àti Òórùn Sípíríìtì

Bí ẹ bá rí àbúrò mi nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lónìí, ẹ ó ní ọtí ò kan ẹnu rẹ̀ rí. Irọ́ ni. Onígẹrun tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹní mowó ni, ṣùgbọ́n ọtí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á lọ́wọ́ wa. Ọjọ́ tó mutí yó, tó fi ẹ̀rọ ìgẹrun ha ọmọ-ọmọ rẹ̀ létí, ìyá ọmọ náà, ọmọ kan ṣoṣo tí àbúrò mi bí, gbé ọmọ rẹ̀ lọ. Ó ní bàbá òun ò ní fọwọ́ kàn án mọ́.

Àwa ẹbí da gbogbo ọtí inú ilé nù, a ní kó jókòó sílé. Kò mu nǹkan kan, à ń dúpẹ́ kiri. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ kan; kó tó di ọ̀sán, ó ti yó kẹ́ri. Mo bú u, mo tún sunkún.

Nọ́ọ̀sì obìnrin kan tó ń tọ́jú àwọn tí ọtí ti di bárakú fún ló bi í léèrè ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ kí òùngbẹ ọtí tó dé.

Àbúrò mi ní, "Sípíríìtì tí mo fi ń nu ẹ̀rọ ni. Bí mo bá ti gbóòórùn rẹ̀, ó parí."

A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá.

Nọ́ọ̀sì ò ní kó sá fún òórùn náà. Ó gbé sípíríìtì síwájú rẹ̀, ó ní kó máa gbóòórùn rẹ̀ láìmutí, títí òùngbẹ náà yóò fi rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Òógùn bò ó. Ó bú nọ́ọ̀sì.

"Ẹ bú mi dáadáa, bàbá, ẹ ṣáà má dìde."

Àdéhùn wa ni pé lọ́jọ́ tó bá borí òùngbẹ náà, màá pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀. Èrè tí òun fúnra rẹ̀ yàn nìyẹn. Lọ́jọ́ tó mutí, kò sí fóònù. Àánú ṣe mí, mo fẹ́ pe ọmọ rẹ̀ fún un ní kọ̀rọ̀, nọ́ọ̀sì kọ̀ jálẹ̀. Ọlọ́run á bá mi tọ́jú obìnrin yẹn. Díẹ̀díẹ̀, òórùn náà ò fà á mọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ọmọ rẹ̀ gbé ọmọ wá gẹrun. Bó ṣe ń kí mi, ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló ń wò. Àbúrò mi ṣí sípíríìtì, ó nu ẹ̀rọ, ó wá kọjú sí ọmọ-ọmọ rẹ̀.

"Ọ̀gá mi kékeré, ẹ jókòó dáadáa."

Ó rọra gẹ irun ẹ̀bá etí ọmọ náà. Kó tó gẹ ìdajì orí, mo bojú wẹ̀yìn. Ìyá ọmọ tó ní òun máa ṣọ́ wọn ti sùn lọ fọnfọn lórí àga.