Ahọ́n Ìyálé àti Òróró Kànáfùrù

Ẹ jókòó dáadáa, torí ọ̀rọ̀ obìnrin yìí kì í ṣe èyí tí à ń gbọ́ lórí ìdúró.

Opó ni. Níbi iṣẹ́, Ẹ̀kán-Kan ni wọ́n ń pè é. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fa òróró olóòórùn jáde lára èèpo ọsàn, atalẹ̀ àti kànáfùrù ló ń bá ṣiṣẹ́. Wọn á da kànáfùrù sínú ìkòkò irin gàgàrà, wọn á koná mọ́ ọn nídìí, ooru rẹ̀ á gba inú páìpù lọ bá omi tútù, òróró á sì ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára omi. Òun ló ń bu òróró náà sínú ìgò. Bí ọwọ́ ẹnikẹ́ni bá fẹ́ yọ̀, á ti jágbe mọ́ ọn pé ẹ̀kán kan péré tó odindi ìkòkò ọbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fún un lórúkọ.

Ọgbọ́n yìí náà ló ń lò nílé. Ìgò aláwọ̀ ilẹ̀ méjì tó jọra ló wà lórí pẹpẹ ìdáná rẹ̀. Èyí tó so okùn pupa mọ́ lọ́rùn ni ògidì òróró kànáfùrù, ó ń pè é ní ìyá. Èkejì, òróró ẹ̀pà ló kún inú rẹ̀, ẹ̀kán kan láti inú ìyá ló sì fi là á. Ìyẹn ni ọmọ. Bí ọbẹ̀ bá jinná, tó sọ̀ kalẹ̀ lórí iná, á bu ṣíbí kan nínú ọmọ, á rò ó pọ̀, á sì dé e. Kó tó ṣí i padà, òórùn rẹ̀ á ti gun àtẹ̀gùn lọ bá àwọn ayálégbé nínú yàrá wọn, wọn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá abọ́.

Màámi, ìyá ọkọ rẹ̀, ló ni ilé náà, òun ló ń fi yàrá háyà, inú ilé náà sì ni àwọn ayálégbé ti ń ra oúnjẹ tí Ẹ̀kán-Kan ń sè. Orúnkún kì í jẹ́ kí Màámi sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ìyálé opó yìí, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ló máa ń gbé àwo oúnjẹ gòkè lọ fún un. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ń ṣe nínú oúnjẹ náà nìyẹn. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà ìdáná, á yọjú wo bí wọ́n ṣe ń bù ú, á gbà á, ó di òkè.

Lọ́jọ́ kan ìyálé lọ dirun, ni Ẹ̀kán-Kan bá fúnra rẹ̀ gbé omi gòkè. Màámi wò ó bíi pé àánú rẹ̀ ṣe é.

“Ìyàwó mi, má banú jẹ́. Kì í ṣe gbogbo obìnrin lọwọ́ ẹ̀ ń dùn lọ́bẹ̀. Ìyálé ẹ sọ fún mi pé o máa ń bá òun fọ abọ́, o sì ń gbìyànjú.”

Ẹ̀kán-Kan ò mọ ìgbà tó jókòó. Màámi ń bá ọ̀rọ̀ lọ jẹ́jẹ́. Ó ní lọ́jọ́ Sunday, nígbà tí àwọn ọmọ bá pé, ìyálé yóò se oúnjẹ fún gbogbo ilé, òun yóò sì gbé kọ́kọ́rọ́ ìdáná àti ohun tó ń wọlé níbẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ìyálé ti sọ pé yàrá ẹ̀gbẹ́ ìdáná ni òun fẹ́ máa kó àpò ìrẹsì sí, torí náà kí ìyàwó tètè máa wá ibòmíì tí yóò máa sùn.

Yàrá yẹn lòun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé kí ọkọ tó kú.

Ó ní, “Ẹ ṣé, Màámi,” ó gbé ife, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ pátápátá. Kò sunkún. Gbogbo ọbẹ̀ tó ti gòkè lọ láti ọjọ́ yìí ń padà bọ̀ lọ́kàn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú irọ́ tí wọ́n fi ń bù ú jẹ. Ó rò ó pé bí òun bá fẹjọ́ sùn, wọn á ní owú ló ń jẹ òun. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹjọ́ kéré lójú rẹ̀. Ahọ́n tó parọ́ yẹn gan-an ló fẹ́ mú.

Ní ọ̀sán Sátidé, ìyálé yọ sí i nínú ìdáná, ó ń rẹ́rìn-ín ẹni tó ti rí ibi jókòó sí.

“Ìyàwó, o ti ṣe wàhálà tó. Lọ́la, èmi ni màá dá a sè. Ìgò olóòórùn yẹn ńkọ́?”

“Á wà lórí pẹpẹ, ìyá mi, níbi tẹ́ ẹ ti máa ń rí i.”

“Ṣíbí kan ni, àbí méjì?”

“Ṣebí ẹ ti ń wò mí látẹnu ọ̀nà ọjọ́ ti pẹ́. Bẹ́ ẹ ṣe rí i náà ni.”

Ìyálé ní ojú òun kúkú dá ṣáká, ó bá tirẹ̀ lọ. Bó ṣe lọ tán, Ẹ̀kán-Kan kó ọmọ sínú àpótí aṣọ. Ó tú okùn pupa kúrò lọ́rùn ìyá, ó so ó mọ́ ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì gbé ìyá sí àyè ọmọ. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Ó tún mọ̀ pé ọbẹ̀ yẹn kò gbọdọ̀ kan ẹnu Màámi, nítorí ohun tó wà nínú ìgò yẹn kì í ṣe eré.

Lọ́jọ́ Sunday, ìyálé se adìyẹ. Nígbà tó ṣí ìgò, òórùn gbá a nímú, ó sín, ó sì rò pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí. Torí pé èrò pọ̀, ṣíbí méjì ló dà sí i. Ó rò ó, ó tọ́ ọ wò.

Ahọ́n rẹ̀ kú síbẹ̀, bíi ti ẹni tí dókítà eléyín gún lábẹ́rẹ́. Kò mọ iyọ̀, kò mọ ata. Ó ní àṣé òun ò tíì fi iyọ̀ sí i, ó fi sí i. Ó tún tọ́ ọ wò, pàbó. Ẹ̀kán-Kan jókòó sẹ́yìnkùlé, ó ń gbọ́ bí ìdérí agolo iyọ̀ ṣe ń ṣí tó ń padé, tó tún ń ṣí. Orin kankan ò dùn tó bẹ́ẹ̀ létí rẹ̀ rí.

Lókè, níbi tí gbogbo ilé péjọ sí, wọ́n gbé àwo síwájú Màámi. Màámi ń na ọwọ́ sí ṣíbí nígbà tí Ẹ̀kán-Kan rọra fi ọwọ́ bo àwo náà.

“Màámi, ẹ dákun. Ọjọ́ kọ́kọ́rọ́ kọ́ lònìí? Ẹ jẹ́ kí ẹni tó sè é kọ́kọ́ jẹ níbẹ̀, kí gbogbo wa rí i.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, Màámi ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìyálé bu tirẹ̀, ó jẹ, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọbẹ̀ ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀ kan aṣọ, kò mọ̀. Ọkọ rẹ̀, télọ̀ tí ebi ti ń pa láti àárọ̀, kò dúró mọ́, ó ki búrẹ́dì bọ inú ọbẹ̀, ó jù ú sẹ́nu. Gbogbo rẹ̀ ló tu jáde.

“Ìyá àwọn ọmọ, ṣé inú òkun lo ti lọ bu omi ọbẹ̀ yìí ni?”

Màámi gbọ́ òórùn àwo náà, ó fà á jìnnà. Ó wojú ìyálé.

“Èyí kọ́ ni mo ń jẹ. Ta ló ń se oúnjẹ mi?”

Ìyálé lanu. Ohun tó jáde dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n fi aṣọ dí lẹ́nu. Ó tún gbìyànjú, itọ́ dà. Àwọn ọmọ dojú kọlẹ̀ kí wọ́n má baà rẹ́rìn-ín. Màámi bá yíjú sí Ẹ̀kán-Kan.

“Èmi kọ́ lẹ máa bi, Màámi. Ìyálé mi ló máa ń gbé e wá. Wọn á sọ ọ́.”

Ẹ̀kán-Kan káwọ́ lẹ́yìn, ó ń wo ìyálé. Omi lé ròrò lójú ìyálé. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó na ìka, ó sì fi í tọ́ka sí Ẹ̀kán-Kan.

Ẹ̀kán-Kan sọ̀ kalẹ̀, ó da ọbẹ̀ ọ̀hún nù, ó fi ẹyin àti tòmátò sáré se òmíì, ó bu ọmọ sí i. Àwo rẹ̀ ò tíì dé àárín àtẹ̀gùn tí Màámi fi gbóòórùn rẹ̀, tó ní, “Òun nìyẹn.” Ó tú kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ níbi ìgbátí aṣọ rẹ̀, ó gbé e fún un. Ó ní kó forí ji ìyálé, kó má jẹ́ kó di ìjà.

“Mo ti gbọ́, Màámi,” ni gbogbo ohun tí Ẹ̀kán-Kan sọ.

Ó padà so okùn pupa mọ́ ìyá lọ́rùn. Kò sì gba àwo lọ́wọ́ ìyálé rẹ̀. Ìyálé ṣì ni ó ń gbé oúnjẹ gòkè títí dòní, nítorí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ló ní bẹ́ẹ̀ ni kó rí. Ṣùgbọ́n bó bá ti dé ẹnu ọ̀nà Màámi, ó ní ohun tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ: “Ìyàwó ló sè é.” Nísàlẹ̀, Ẹ̀kán-Kan á dá ọwọ́ dúró, á dẹ etí. Bó bá kùn ún sínú, á pè é pẹ̀lẹ́ láti ìdí àtẹ̀gùn:

“Mi ò gbọ́ o, ìyá mi. Ẹ tún un sọ.”