Ààwẹ̀ Ọjọ́ Mẹ́ta Kí N Tó Gun Òrùlé

Ara mi kì í gba ìjókòó. Tí wọ́n bá gbé àga fún mi ní ilé onílé, màá kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì, tó bá sì ń mì, màá béèrè òòlù. Ní iléeṣẹ́ tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Ṣàngó, níbi tí a ti ń ṣe ọ̀rá tí wọ́n fi ń di omi àti búrẹ́dì, èmi ni wọ́n máa ń pè tí ẹ̀rọ bá dákẹ́. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi ń sáré láti ìdí ẹ̀rọ kan dé ìdí òmíràn. Nígbà tí wọ́n ní kí àwa àgbà kan máa lọ sílé, wọ́n bá wa ya fọ́tò, wọ́n sì fún wa ní ìwé ìdúpẹ́. Ní ọjọ́ kejì, aago márùn-ún àárọ̀ kò tíì lù tí mo ti wọ aṣọ iṣẹ́. Mo jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, mi ò mọ ibi tí mo ń lọ.

Ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́yìn ilé wa ní ọ̀nà Àlápòtí ló gbà mí. Ibẹ̀ ni mo wá sọ di ibi iṣẹ́, mo ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe, mo ń tún ẹ̀rọ ata ṣe, mo sì ń tú èyí tí kò bàjẹ́ pàápàá kí ọwọ́ mi má baà dilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la wà títí atẹ́gùn kan fi jà ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Ó ká páànù orí ṣọ́ọ̀bù náà bí ẹni ká ẹní, ó sì ti ògiri apá kan wó. Nígbà tí mo wo igi òrùlé tó já bọ́, ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán, ọ̀dà tí mo fi kùn ún ló kàn ń dá dúró. Mo kó àwọn ẹ̀rọ mi sábẹ́ tapólì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri àgbàlá.

Mo sọ fún ìyàwó mi pé èmi ni màá tún un kọ́, láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ó ní ìsàlẹ̀ dáa, ṣùgbọ́n kí n gbàgbé òkè. Ó ní ìdí. Oṣù méjì ṣáájú atẹ́gùn yẹn, òòyì kọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, àwọn tí a jọ kírun ló gbé mi dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, kí n máa lo oògùn, kí n má sì ṣe gun ibi gíga. Ìyàwó mi gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó jókòó tì mí lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, báàgì rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, ó ń wo ojú mi bí ẹni pé mo ti ń wéwèé nǹkan. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù dé, kò bá mi jiyàn rárá. Ó ní kí n búra. Mo ní wàláì, mi ò ní gun òrùlé. Ó ṣì ń wò mí, ni mo bá tún un sọ.

Mo fi ọ̀sẹ̀ méjì mọ ògiri. Èmi ni mo po yanrìn pọ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì, èmi ni mo gbé búlọ́ọ̀kù, èmi náà ni mo na okùn láti mọ̀ bóyá ó gún. Kò gún dáadáa. Mo wó ìlà mẹ́ta, mo tún un tò. Bàbá tó ni ilé ẹ̀gbẹ́ wa máa ń dúró lójú fèrèsé, á ní kí n jẹ́ kí àwọn bíríkìlà rí oúnjẹ òòjọ́ jẹ. Èmi náà á ní kó jáde wá bá mi po yanrìn. Kò jáde rí. Ní alẹ́, ẹ̀yìn á máa ro mí, inú mi á sì máa dùn sí ìrora náà, torí ó dà bí ìrora iṣẹ́.

Ti òrùlé, a ti jọ sọ ọ́ pé kápẹ́ńtà ni yóò ṣe é. Kápẹ́ńtà náà wá lóòótọ́, ó wọn ibẹ̀, ó ka igi àti páànù tí yóò gbà, ó ní òun á pè mí tí òun bá parí iṣẹ́ kan tí òun ń ṣe ní ìgboro Ọ̀tà. Kó tó pè, mo ti to igi òrùlé fúnra mi. Orí tábìlì iṣẹ́ mi ni mo dúró sí tí mo fi tò ó, mo sì sọ fún ara mi pé tábìlì kì í ṣe òrùlé. Ìyàwó mi wo tábìlì, ó wo igi lókè, ó wò mí.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, kápẹ́ńtà pè. Ó ní òun ti ṣetán, òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Mo jókòó lórí àwọn páànù tuntun nígbà náà, wọ́n ń dán nínú oòrùn. Kí n tó ronú, ẹnu mi ti dá a lóhùn. Mo ní kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, mo ti rí ẹlòmíràn. Nígbà tí ìyàwó mi dé láti Ìyànà Ìyẹ̀sí, níbi tó ti ń ta abọ́ àti ike, mo sọ fún un pé ọ̀la, ọ̀la ni kápẹ́ńtà ń sọ. Ó sọ̀rọ̀ sí gbogbo kápẹ́ńtà ayé yìí lọ́jọ́ náà. Mo sì bá a dá sí i.

Ó wá ku ìbúra. Mi ò fẹ́ fi ojú kékeré wo orúkọ Ọlọ́hun, ẹ má ṣì mí gbọ́. Mo rántí pé mo ti gbọ́ nípa kàfárà lẹ́nu àáfà wa, ìtánràn tí ẹni tó bá yẹ ìbúra rẹ̀ máa ń ṣe. Àáfà ní kéèyàn bọ́ aláìní mẹ́wàá, ẹni tí kò bá ní agbára ìyẹn ló ń gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Mo wo òkìtì páànù tó wà ní àgbàlá mi, mo sì pe ara mi ní ẹni tí kò lágbára. Lẹ́yìn náà ni ọgbọ́n kan tún wá sí mi lórí: kí ló dé tí mi ò ní í kọ́kọ́ gba ààwẹ̀ náà ná, kí n wá gun òrùlé lẹ́yìn náà? Bí mo bá ti san án sílẹ̀, gbèsè kankan ò ní í sí lọ́rùn mi. Inú mi dùn sí ọgbọ́n yìí gan-an.

Mo bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Ìyàwó mi rò pé ààwẹ̀ ọpẹ́ ni, pé mo ń dúpẹ́ fún ara líle. Mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó jí se sààrì fún mi, ó tiẹ̀ dín ẹyin sí i. Ó ní inú òun dùn pé ọkàn mi ti wá ń balẹ̀, pé òun ti ń gbàdúrà ẹ̀ tipẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, òun náà bá mi gbà á. Ó ru ẹrù ike rẹ̀ nínú oòrùn Ìyànà Ìyẹ̀sí látàárọ̀ láìmu omi, ó sì dé ilé ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú dàbínù nínú ọ̀rá. A jọ ṣínu. Ó gbàdúrà pé kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí ohun burúkú ṣe mí. Mo ṣe àmí.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, bó ṣe jáde báyìí, mo gbé àkàbà ti ògiri.

Ká sòótọ́, ó dùn mọ́ mi. Mo so okùn mọ́ páànù kọ̀ọ̀kan, mo gòkè, mo fà á, mo tẹ́ ẹ, mo kàn án. Láti òkè yẹn mo rí táǹkì omi gbogbo àdúgbò, mo rí páànù àwọn ará ibí tó ti dípẹtà, mo sì rí èéfín àwọn iléeṣẹ́ lọ́ọ̀ọ́kán lápá Ṣàngó. Mi ò rò ó pé iléeṣẹ́ tiwa wà nínú wọn àbí kò sí. Mò ń yára. Mo ti kan páànù méje kí oòrùn tó dé àárín ọ̀run, bẹ́ẹ̀ ni mò ń bá ara mi sọ̀rọ̀ bí mo ti máa ń ṣe ní ìdí ẹ̀rọ.

Ìyàwó mi ló kí mi láti ìsàlẹ̀. Ó ti fi ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó gbé ìrẹsì àti ẹja wá fún mi, nítorí ó gbà pé lẹ́yìn ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ara mi á nílò oúnjẹ gidi. Ó dúró, abọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, “Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ búra fún mi ni?”

Mo rẹ́rìn-ín. Ìròyìn ayọ̀ ni mo rò pé mo fẹ́ fún un. Mo ní, “Kí ọkàn rẹ balẹ̀. Ààwẹ̀ tí mo gbà yẹn, kàfárà rẹ̀ ni. Mo ti san án tán.”

Ó gbé abọ́ kalẹ̀ sórí búlọ́ọ̀kù. Ó di àkàbà mú, mo sì rò pé ó fẹ́ bá mi dì í mú kí n lè sọ̀ kalẹ̀ wá jẹun ni. Mo tiẹ̀ ní ó ṣeun. Ó gbé e kúrò lára ògiri, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ láàrin àgbàlá, ó sì jókòó lé e lórí.

Ó ní, “Ìwọ.”

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n la ti jọ ń gbé, mi ò gbọ́ ọ rí lẹ́nu rẹ̀. Kódà nígbà tí a bá ń jà, “ẹ̀yin” ló fi ń bú mi.

“Ìwọ, ṣé ikú rẹ ni mo bá ọ gbààwẹ̀ rẹ̀?”

Oòrùn mú, etí páànù bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè sódò lójú mi, mi ò sì mọ̀ bóyá òòyì ni tàbí ìtìjú. Mo jókòó. Páànù náà gbóná débi pé ó ń jó mi ní ìdí, ṣùgbọ́n kò síbi tí mo fẹ́ dìde lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ kó gbé àkàbà dìde. Ó ní kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń lé mi fún òun.

Mo kọ́kọ́ sọ ti kápẹ́ńtà, nítorí ìyẹn ló rọrùn jù. Lẹ́yìn náà, mo sọ ti ọkùnrin kan tí wọ́n ní kó máa lọ sílé lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú mi. Ó ra àga oníke kan, ó gbé e sí iwájú ilé rẹ̀, ó ní òun ti ṣiṣẹ́ tó. Ìgbà méjì ni mo kí i lórí àga yẹn. Ìgbà kẹta tí mo lọ, ìsìnkú rẹ̀ ni mo lọ. Mo sọ fún ìyàwó mi láti òkè pé ẹ̀rù ń bà mí. Mo ní mo rò pé tí mo bá jókòó, mi ò ní dìde mọ́. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, èmi fúnra mi ò sì mọ̀ pé bó ṣe rí nìyẹn àfi ìgbà tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu ara mi.

Ó wá ní ta ló sọ pé kí n jókòó. Ó ní òun ò bẹ̀rù iṣẹ́ fún mi. Ohun tí òun ń bẹ̀rù ni kí n ṣubú níbi tí kò ti sí ẹnì kankan, kó jẹ́ pé àwọn ewúrẹ́ àdúgbò ni yóò kọ́kọ́ rí mi. Ó ní gbogbo ìgbà tí nọ́ńbà tí òun ò mọ̀ bá pe òun ní ìsọ̀, òun máa ń kọ́kọ́ gbàdúrà kí òun tó gbé e. Ohùn rẹ̀ ò le mọ́ nígbà tó ń sọ èyí, ìyẹn gan-an ló sì dùn mí jù. Ó gbé àkàbà dìde. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo jẹ ìrẹsì náà, ó ti tutù.

Mi ò gun ibẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Ẹtì, mi ò gùn ún lọ́jọ́ Sátidé. Òjò ń ṣú lápá Ìdìrókò, ìdajì ṣọ́ọ̀bù ṣì ṣí sílẹ̀. Mo pe kápẹ́ńtà, mo tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n ó ti gba iṣẹ́ ní Ìbàdàn, kò ní í dé kí oṣù tó parí. Mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi bó ti rí. Ó gba fóònù náà lọ́wọ́ mi, ó wo nọ́ńbà tí mo pè, ó dá a padà fún mi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, kò lọ sí ìsọ̀. Ó wé gèlè rẹ̀ le, ó ká ìró rẹ̀ mọ́ra, òun fúnra rẹ̀ ló gbé àkàbà ti ògiri. Mo ya ẹnu láti búra pé màá rọra ṣe.

Ó ní, “Ẹ má búra fún mi mọ́. Ẹ gòkè. Abẹ́ yín ni màá wà. Tí ẹ bá máa jábọ́, èmi ni kí ẹ jábọ́ lé.”

Mo rò pé ẹnu lásán ni. Bí mo ṣe dé òkè, ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ó dúró ní ìsàlẹ̀ igi òrùlé, ní abẹ́ ẹsẹ̀ mi gan-an. Bí mo bá sún sí ọ̀tún, á sún sí ọ̀tún. Mo bẹ̀ ẹ́ kó kúrò níbẹ̀, nítorí òòlù lè bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní kó má bọ́ nígbà náà. Mo gbìyànjú láti yára bí mo ti mọ̀ ọ́n ṣe, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Ibi gbogbo tí mo fẹ́ tẹ̀, mo kọ́kọ́ ń fi ọwọ́ wò ó. Iṣẹ́ tí mo fi òwúrọ̀ kan ṣe lọ́jọ́bọ̀, ó gbà mí títí di ẹ̀yìn ìrun Àsárì.

Nígbà tí mo tẹ́ páànù ìkẹyìn, ó bo ihò tí mo ti ń rí gèlè rẹ̀. Mo pè é pé ṣé ó ṣì wà níbẹ̀. Ó ní òun wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ ibi tó dúró sí, inú ṣọ́ọ̀bù sì ń gbé ohùn rẹ̀ káàkiri. Mo kan ìṣó tó kù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo rọra ń gbé ẹsẹ̀, bí ẹni pé ibi gbogbo tí mo bá tẹ̀ ló dúró sí.