Orúnkún Wúràọlá

Láìpẹ́ yìí, ọmọ-ọmọ mi obìnrin gba pálọ̀ kọjá pẹ̀lú bàtà bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀, abẹ́ bàtà náà ń ró kọ̀, kọ̀, kọ̀ lórí táìlì. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó dìde, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ sí pápá. Ìró yẹn ló gbé mi padà sí Ajégúnlẹ̀, sọ́dọ̀ Wúràọlá ọ̀rẹ́ mi.

Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà náà. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìgbafẹ́ àwọn atukọ̀ òkun lẹ́bàá Wharf Road, ní Àpápá, èmi àti Wúràọlá a sì máa tẹ̀lé e lọ. Nígbà tí ọkọ̀ kan gúnlẹ̀ láti ilẹ̀ Súwídìn, àwọn atukọ̀ rẹ̀ ta aṣọ funfun mọ́ ògiri, wọ́n sì fi sinimá ẹ̀fẹ̀ kan hàn wá, èyí tó ti gbó kí wọ́n tó bí wa. Kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè wọn nínú wa, síbẹ̀ ìtàn náà yé wa yékéyéké: omidan kan gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wọ ṣòkòtò àti kóòtù, ó ń ṣe bí ọkùnrin láàrin àwọn ọlọ́lá. Gbogbo wọn gbà á gbọ́, títí ìyá arúgbó kan fi wọlé. Àwọn ọkùnrin tẹrí ba. Omidan wa di ẹ̀gbẹ́ ṣòkòtò mú lọ́tùn-ún lósì bí ẹni pé yẹ̀rì ni, ó sì tẹ orúnkún wẹ́rẹ́. Ẹ̀rín wa fẹ́rẹ̀ẹ́ fa aṣọ náà ya. A kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àwọn obìnrin òyìnbó pàápàá ń fi orúnkún kí àgbà.

“Kò gbọ́n,” ni Wúràọlá wí bí a ti ń darí sílé. “Tó bá jẹ́ èmi ni, n kò ní gbàgbé.”

Ẹ̀yin ọmọ, kò sí ohun tí Wúràọlá fẹ́ láyé bíi kó gbá bọ́ọ̀lù, àwọn ọmọkùnrin àdúgbò wa kì í sì í fẹ́ rí i nítòsí. Nítorí náà, lọ́jọ́ kan, ó kọjá sí ìhà Malu Road, níbi tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n, pẹ̀lú ṣòkòtò ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fi fìlà bo irun dídì. Wọ́n gbà á sí ẹgbẹ́ wọn. Kí wọ́n tó sinmi, ó ti gbá góòlù wọlé, wọ́n sì ti gbé e lé èjìká.

Ìgbà náà ni Bàbá Àlájì, àgbà tó ra bọ́ọ̀lù fún wọn, yọ. Gbogbo wọn dọ̀bálẹ̀ nínú iyanrìn. Wúràọlá kúnlẹ̀.

“Ìyàwó ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù!” ni ẹgbẹ́ kejì fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Kápítéènì ṣí fìlà lórí rẹ̀, ó ní kó máa lọ sílé. Ọ̀rẹ́ mi kò dìde. Omi ti lé ròrò sí i lójú.

“Ta ló gbá góòlù wọlé?” ni Bàbá Àlájì bi wọ́n. Ó tọ́ka sí Wúràọlá. “Èyí tó kúnlẹ̀ yìí ni, àbí? Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni. Ẹ jẹ́ kó parí bọ́ọ̀lù rẹ̀.”

Ó parí rẹ̀, láìdé fìlà. Ẹgbẹ́ kejì padà fi góòlù fìyà jẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ẹni bá rí i bó ti ń rìn bọ̀ wálé yóò rò pé ó gba ife ni.

Wúràọlá ti lọ sinmi lọ́run. Pápá náà ti di ibi tí àwọn tírélà ń sùn. Ọmọ-ọmọ mi kò sì nílò fìlà ẹnikẹ́ni kó tó gbá bọ́ọ̀lù. Orúnkún rẹ̀ nìkan ni kò tíì gbọ́ pé ayé ti yí padà, n kò sì ní sọ fún un.