Òdòdó Inú Abọ́ Ìyá Àgbà

Abọ́ tánganran kan wà nílé ìyá àgbà mi ní Ìlọrin, tí ó rà bọ̀ láti Mẹ́kà. Òdòdó pupa wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n abọ́ náà ti já lulẹ̀ rí, ewé òdòdó kan sì bó dànù. Òdòdó yẹn ni Àǹtí, àbúrò ìyá mi, ń yà sára aṣọ ní Jẹ́dà, pẹ̀lú ibi tó bó gan-an.

Ilé tí wọ́n ń fi háyà fún àwọn arìnrìn-àjò ní Azíísíyà, ní Mẹ́kà, ni Àǹtí ti ń gbálẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ba aṣọ tábìlì kan jẹ́ níbi ìfọṣọ, ó sì ya òdòdó bo àbàwọ́n náà kí wọ́n má baà bá a wí. Onílé rí i, ó ní kó ya púpọ̀ sí i. Nígbà tí mo parí yunifásítì tí mo wá bá àwọn òbí mi ní Jẹ́dà, tìmùtìmù àti ìbòrí tíréè olódòdó ti kún yàrá Àǹtí ní àdúgbò Hindawíyà. Àwọn Àlàájà tó ń padà sílé ń rà á, wọ́n ní ó ń rán àwọn létí ilé ìyá àwọn. Nígbà tó yá, obìnrin ará Jẹ́dà kan bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́ rẹ̀ tà ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀.

Èmi kò níṣẹ́. Ojoojúmọ́ ni àyà mi ń já pé mo kàn ń jẹun lásán ni. Nítorí pé Lárúbáwá ni mo kà, Àǹtí ní kí n máa kọ káàdì tí a ó so mọ́ ọjà. Òun gbọ́ Lárúbáwá, ṣùgbọ́n kò lè kà á.

"Akọ̀wé, ìlà kan ti tó," ó wí. "Bí wọ́n ṣe máa fọ̀ ọ́ ni kí o kọ."

Mo kọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo kọ ọ́ pé obìnrin ará Nàìjíríà tó wá ṣe Úmúrà lọ́dún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, tí kò lè fi ilẹ̀ mímọ́ sílẹ̀ mọ́, ló ya á nínú yàrá rẹ̀ ní Hindawíyà. Omi bọ́ lójú mi nígbà tí mo kọ ọ́ tán, ó dára lójú mi tó bẹ́ẹ̀. Kò wá sí mi lọ́kàn pé mo ti sọ fún gbogbo ẹni tó bá rà á pé kò ní ìkámà, ìwé ìgbélùú, àti pé mo ti júwe ilé rẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà, oníṣọ́ọ̀bù pè wá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ka káàdì náà ni. Kò bínú, ó ní àwọn oníbàárà ti ra ọjà lọ pẹ̀lú káàdì náà, ẹ̀rù ọlọ́pàá sì ń ba òun, òun kò lè gba iṣẹ́ wa mọ́. Kí wọ́n tó kírun Àsárì, Àǹtí ti di báàgì kan. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sílẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé: bí mo ṣe nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí mo ṣe fẹ́ kí wọ́n mọyì rẹ̀, bí ojú ṣe ń tì mí pé n kò wúlò. Ó ń wé ìborùn rẹ̀.

"Mo ti gbọ́," ó wí. "Bá mi pe onímọ́tò."

Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Hujúnì, ní Mẹ́kà, ló wà báyìí, tó ń lọ aṣọ fáwọn èèyàn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ya òdòdó náà fúnra mi, mo gbé e lọ fún un. Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn, pé bóyá a lè tún bẹ̀rẹ̀. Ó wò ó pẹ́.

"O ya gbogbo ewé rẹ̀ pé," ó wí. "Ti ìyá wa kò rí bẹ́ẹ̀."

Mo lanu láti ṣàlàyé. Ó ti yíjú padà sí áyọ́ọ̀nù rẹ̀.