Ọ̀rọ̀ Tí Mo Sọ Lọ́jọ́ Ọdún Àtùpà

Mo rántí ìgbà tí mo kọ́kọ́ dé ilé Màmá tí wọ́n ní kí n máa tọ́jú ní Queens, tí ọkùnrin onírùngbọ̀n gígùn kan ṣílẹ̀kùn fún mi pẹ̀lú láwàní aláró lórí. Kíá ni mo tẹ orúnkún, mo ní, "Àsàlámù àlékùn, Alfa." Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi lé lójú rẹ̀. "Mi ò kì í ṣe Mùsùlùmí, àǹtí," ló wí, "Síìkì ni mí, ẹ̀sìn tiwa náà ní ká máa wé láwàní." Èmi tí mo ti Mount Hope ní Bronx wọ ọkọ̀ ojú irin mẹ́ta débẹ̀, mo ti gbà pé kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ fi hàn mí nípa ẹ̀sìn. Ṣebí Mùsùlùmí ni bàbá mi, Áńgílíkà sì ni ìyá mi. Inú ilé kan náà la ti ń jẹran Iléyá tí a sì ń jẹ ìrẹsì Kérésìmesì.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mo ń ṣe. Màmá yìí ò lè dá rìn mọ́, ojú wọn sì ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n ẹnu wọn ṣì mú. Híńdù ni wọ́n, ọmọkùnrin méjì ni wọ́n bí. Ẹ̀gbọ́n ni onírùngbọ̀n yẹn. Àbúrò, tí òun jẹ́ Híńdù bí ìyá rẹ̀, ló ń gbé pẹ̀lú wọn. Mo bi wọ́n bó ṣe jẹ́, wọ́n ní ní Punjab tí àwọn ti wá, ilé Híńdù mìíràn a máa fi àkọ́bí ọkùnrin fún ẹ̀sìn Síìkì, kò sì sẹ́ni tó ń kà á sí nǹkan kan. Màmá fúnra wọn ni wọ́n wé láwàní àkọ́kọ́ fún ọmọ náà. "Ọwọ́ mi yìí ni," wọ́n á ní, wọ́n á sì gbé ọwọ́ tó ń gbọ̀n sókè kí n rí i.

Ṣùgbọ́n ayé yí. Rògbòdìyàn kan ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ wọn nígbà tí ẹ̀gbọ́n ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, àwọn jàǹdùkú Híńdù pa àwọn Síìkì púpọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ sì wà nínú wọn. Láti ìgbà náà, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ẹ̀sìn òun mọ́ ti Híńdù mọ́. Àbúrò ní tirẹ̀ a máa tẹnu mọ́ ọn pé ẹ̀ka lásán ni ẹ̀sìn Síìkì jẹ́ lára ẹ̀sìn Híńdù. Nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀ka yìí, ọmọ ìyá méjì ò jọ jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀sán, nígbà tí àbúrò bá wà níbi iṣẹ́, ni ẹ̀gbọ́n ń wá. Ohun kan ṣoṣo ni Màmá ń tọrọ: kí àwọn rí àwọn ọmọ méjèèjì nídìí oúnjẹ kan náà kí ikú tó dé.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Màmá bẹ̀bẹ̀ títí àwọn ọmọ fi gbà láti jọ jẹun lọ́jọ́ ọdún àtùpà. Híńdù ń tan àtùpà lọ́jọ́ náà, Síìkì ń tàn án, ṣùgbọ́n kálukú ló ní orúkọ tó ń pè é àti ìtàn tó fi ń rántí. Nírọ̀lẹ́, mo to àtùpà amọ̀ sójú fèrèsé, mo gbé àwo mẹ́ta kalẹ̀. Àwọn ọmọ jókòó, kálukú ń wo àwo rẹ̀. Màmá wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, ayọ̀ ò jẹ́ kí wọ́n lè jẹun.

Ibi tó yẹ kí n ti dákẹ́ nìyẹn. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo ka ara mi sí onílàjà, mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ẹ jẹun jàre! Ṣebí ọ̀kan náà ni. Búráǹṣì ni! Ìjọ tiwa náà ní búráǹṣì ní Bronx, ó ní òmíràn ní Canarsie, ìjọ kan náà ni."

Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni mo rò pé mo ń sọ. Mi ò rántí pé lédè Gẹ̀ẹ́sì tí a jọ ń sọ, búráǹṣì náà ni ẹ̀ka, ọ̀rọ̀ gan-an tó ti tú wọn ká. Àbúrò pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ṣé o gbọ́? Àlejò gan-an mọ̀ bẹ́ẹ̀." Ẹ̀gbọ́n dìde, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ó wọ bàtà, ó lọ. Màmá ò jẹ́ kí n kó àwo rẹ̀ kúrò nílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ò wá lọ́sàn-án mọ́. Màmá, tí kò lè tẹ fóònù fúnra wọn, ní, "Bá mi pè é." Mo ní, "Màá pè é lọ́la, Màmá." Ìtìjú ń ṣe mí, ìgbéraga sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, torí mò ń sọ fún ara mi pé oore ni mo fẹ́ ṣe lọ́jọ́ ọdún àtùpà yẹn. Ọ̀la di ọ̀la mìíràn. Bí ilẹ̀kùn bá ti dún, Màmá á béèrè pé, "Ṣé òun ni?" Nígbà tí òtútù mú gan-an, wọ́n kú lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èmi nìkan ni mo wà lọ́dọ̀ wọn.

Ẹ̀gbọ́n dé, ó di ọwọ́ tó wé láwàní àkọ́kọ́ fún un mú. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn..." Ó mirí. "Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀, àǹtí. Mo kàn ń retí kí Màmá pè mí ni."

Àbúrò tèmi ti di pásítọ̀ báyìí nílé, kì í fẹnu kan ẹran Iléyá mọ́, ẹ̀gbọ́n wa sì ń fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn mí lórí fóònù. Mi ò sọ fún wọn rí pé ọ̀kan náà ni. Mo kàn ń gbọ́ ni, bí ẹnì kan bá sì ní kí n bá òun pe èkejì, lójú ẹsẹ̀ ni mò ń pè é. Nọ́ńbà àkọ́bí Màmá ṣì wà nínú fóònù mi. Kò tíì mọ̀ pé ìyá rẹ̀ ní kí n pe òun. Mi ò tíì pè é.